Ohùn Bàbá Lórí Tábìlì Fréjus

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Fréjus tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Ṣábẹ̀ẹ́, fóònù Suzanne kí i káàbọ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì ní kó yan èdè tó fẹ́. Gíláàsì tó fọ́ ti di tuntun, ṣùgbọ́n inú fóònù ti ṣófo. Kò sí àwòrán, kò sí nọ́ńbà ẹnì kankan, ohùn tí bàbá rẹ̀ gbà sílẹ̀ kó tó kú náà ti lọ. Suzanne figbe ta. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti wọ́ Fréjus dé kọ́mísárià ọlọ́pàá.

Ọwọ́ Moufidatou ni ẹjọ́ náà bọ́ sí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, obìnrin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àwọn ọlọ́pàá tó ga jù ú lọ ló ń sá fún un.

"Kí ni bàbá yín sọ nínú ohùn yẹn, Màdáámù?"

"Ẹni tó ni oko kajú wọn ní Sakin ni wọ́n sọ. Ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó kú ni. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ẹbí máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ oko yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Láìsí ohùn yẹn, wọ́n á ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀."

"Ta ló ti gbọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo kàn sọ fún ẹbí pé Bàbá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ ò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó gbé fóònù wá?"

Olùkọ́ ni Suzanne. Ó fọwọ́ bojú. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ṣe àdàkọ iṣẹ́ wọn. Èmi fúnra mi ò ṣe é. Ẹ̀bi mi ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Moufidatou, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó kọjú sí Fréjus.

"Ọ̀gá, n kò nu nǹkan kan! Lánàá, mo pààrọ̀ gíláàsì, mo dán an wò, mo gbé e kalẹ̀."

"Báwo lo ṣe dán an wò?"

Òógùn bo Fréjus. "Ohùn tó bá kọ́kọ́ yọ ni mo máa ń tẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá fóònù ń ké dáadáa. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ló yọ. Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ń ké, mo pa á."

"Lójú ta ni?"

"Oníbàárà méjì mẹ́ta wà níbẹ̀. N kò wojú wọn. Mo wá sọdá títì lọ jẹ ìrẹsì."

"Fóònù ńkọ́?"

"Orí tábìlì ló wà. Kóòdù rẹ̀ wà nínú bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn."

"O káre! O ti ilẹ̀kùn, o sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lára."

Moufidatou tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó yẹ káyé tó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí wò títí. Lẹ́yìn náà ó wá gun ọ̀kadà lọ sí Sakin, nítorí pé ó fẹ́ rí ẹni tí oko náà máa bọ́ sí lọ́wọ́ bí Suzanne kò bá rí i gbà. Florent ni, ọmọ àbúrò bàbá Suzanne. Ó bá a níbi tó ti ń ṣán igbó lábẹ́ kajú.

"Ìgbà wo lo dé ọ̀dọ̀ Fréjus tó ń tún fóònù ṣe kẹ́yìn?"

"N kò mọ ibẹ̀, Ọ̀gá. Iṣẹ́ oko ò jẹ́ n ráyè."

"O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀?"

"Wọ́n ní ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí aláìsàn ní kí ilẹ̀ láti ìdí òkúta dé odò di ti obìnrin tó ti wà nílé ọkọ, ṣé ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ pé nìyẹn?"

Moufidatou rọra kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó sì ní kí Florent bá òun ká lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn pé sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí káyé Fréjus.

"O ya òdo kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gbogbo oníbàárà. Àwọn tó ti gba fóònù wọn, o ti fa ìlà sórí òdo tiwọn. Ti Suzanne kò ní ìlà. Kí ni òdo yẹn?"

Fréjus ń wolẹ̀. "Ẹ̀dà ni, Ọ̀gá. Lọ́dún tó kọjá, fóònù kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àwòrán ọmọ tó ti kú ló wà nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ò bú mi, ó kàn ń wò mí. Látọjọ́ yẹn, kí n tó ṣí fóònù, mo máa ń da gbogbo inú rẹ̀ sínú kọ̀mpútà mi. Bí ẹni tó ni ín bá ti gbé e lọ, mo máa ń nù ún. Ṣùgbọ́n n kì í tọrọ àyè. Bí ìlú bá gbọ́, wọ́n á ní mò ń jí àṣírí wọn, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè sọ ọ́."

"Tẹ ohùn náà."

Ohùn arúgbó kan yọ, ó ń mí gúlegúle. "Suzanne, ọmọ mi. Oko mi, láti ìdí òkúta dé odò, ìwọ ni mo fún." Suzanne bú sẹ́kún.

"Dá a dúró," ni Moufidatou wí. "Ṣé ibí lo ti pa á lánàá?"

"Ibí gan-an ni."

Ó kọjú sí Florent. "Ẹni tó bá fẹ́ pa ohùn run kì í pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, nítorí náà kì í ṣe Fréjus. Suzanne kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà tó jókòó síbí nìkan ló lè gbọ́ 'láti ìdí òkúta dé odò', ìwọ sì sọ ọ́ fún mi lóko, ìwọ tí o kò mọ ibí. Nígbà tí Fréjus lọ jẹun, kóòdù ń wò ọ́ lójú. O nu gbogbo rẹ̀, kí a lè di ẹ̀bi ru alátùn-únṣe."

Florent fara ti ògiri. "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ro oko yẹn. Wọn ò dárúkọ mi."

"O ò dúró gbọ́ ìyókù. Ìwọ náà lo sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ." Ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Arúgbó náà wúkọ́. "Láti odò dé ẹ̀bá ọ̀nà, ti Florent ni. Òun ló gbé mi pọ̀n lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe ọmọ àbúrò mi mọ́, ọmọ mi ni. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jà."

Florent jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. Nígbà tí ọlọ́pàá mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, kò jiyàn. Suzanne ni ó ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jẹ́ kí Bàbá tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Suzanne na ìka sí kọ̀mpútà, ó tẹ̀ ẹ́ fún un.