Ọ̀bẹ Inú Aṣọ Funfun

Bàbá Alápatà gbé ẹnu ọ̀bẹ náà lé irun apá rẹ̀, ó fà á díẹ̀, irun sì já bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fẹ́ irun náà dànù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ti mú. Ọwọ́ Ọ̀tún, wá wò ó."

Ọwọ́ Ọ̀tún kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi ń kẹ́ ẹ, nítorí pé òun ni ó máa ń bá a di orí ẹran mú láti kékeré. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Nílé, Ọwọ́ Ọ̀tún ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀rá ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní òórùn ọ̀rá ẹran kì í kúrò lára rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó máa ń fi ọṣẹ bó ọwọ́ títí awọ yóò fi máa ta á, síbẹ̀ bí ó bá ti wọ kíláàsì, ẹnìkan á di imú.

Bàbá rẹ̀ wé ọ̀bẹ náà sínú aṣọ funfun, ó so ó, ó gbé e sórí pẹpẹ tó ga jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ ọdún ni. Kì í gé egungun, kì í gé okùn, a kì í fi bó èèpo ohunkóhun. Ọjọ́ ọdún Iléyá nìkan ni ó ń jáde, ọ̀fun ẹran nìkan ni ó sì mọ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Aránṣọ fi wọlé láti òdìkejì òpópónà, àgbò ńlá kan tẹ̀ lé e láìsí okùn lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Alápatà."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Aránṣọ. Háà, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sìn yín wá! Ẹ wo bó ṣe ń rìn bí ọkọ ìyàwó."

"Ẹ má yìn ín níwájú mi. Apá aṣọ oníbàárà kan ló jẹ láàárọ̀ yìí. Mo ní kó dúró kó ṣàlàyé fún obìnrin náà fúnra ẹ̀, ló bá wo ojú mi, ó yan lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Ìyá Aránṣọ kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ pa orí àgbò náà láàárín ìwo méjèèjì.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ìyá rẹ̀ kú. Ìgò ọmọdé ni mo fi fún un ní wàrà. Ọkọ mi ló ní òun la máa fi ṣe ọdún bó bá dàgbà, ọkọ mi sì kú kí ọjọ́ náà tó dé. Mi ò lè yẹ ohun tó sọ. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ igbe ẹran aládùúgbò wa. Ọ̀bẹ kú, wọ́n ń fà á bí ayùn. Bí wọ́n bá ṣe Ọ̀gá báyẹn, mi ò ní gbàgbé láéláé."

Bàbá Alápatà fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́. A ó fún un lómi mu. A ò ní pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹ̀, a ò ní yọ ọ̀bẹ kó rí i, a ò ní pa ẹran mìíràn níwájú ẹ̀. Ọlọ́run yọ̀ǹda kí á pa á, kò yọ̀ǹda kí á dá a lóró. Kò ní mọ ìgbà tí ọ̀bẹ kọjá. Mo ṣèlérí fún yín."

Àgbò náà na ọrùn, ó lá àtẹ́lẹwọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún. Ahọ́n rẹ̀ gbóná, ó rí ṣákaṣàka. Òun kò di imú.

Nígbà tí Bàbá Alápatà lọ kírun ọ̀sán, Oge dé ẹnu géètì pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin méjì tó máa ń tẹ̀ lé e kiri bí òjìji. Oge ló ń pàṣẹ ẹni tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì wọn, níbi tí ẹ̀rín ti máa ń sọ.

"Ọ̀rá! A gbọ́ pé ẹ ní ọ̀bẹ kan tó ń dán bíi dígí. Mo fẹ́ ya fídíò ọdún."

"Bàbá mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Oge yíjú sí àwọn méjèèjì. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ṣebí mo sọ fún yín? Eléyìí, bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fẹ́ máa lọ lóòótọ́. Ọwọ́ Ọ̀tún wo ẹ̀yìn wọn. Ó rò ó pé títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, bí wọn yóò ṣe máa fi ẹ̀yìn hàn án nìyẹn.

"Ẹ dúró," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré o."

Ó gun àpótí, ó gbé ọ̀bẹ náà sọ̀ kalẹ̀, ó tú aṣọ funfun. Oòrùn bọ́ sára irin náà, àwọn ọmọ náà sì pariwo. Ó gbé e sókè, Oge ya á. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojú, Oge ya á.

"Kò tíì dùn," Oge wí. "Ṣá a mọ́ òpó irin tí ẹ fi ń gbé ẹran kọ́ yẹn, kó ta iná bíi ti inú fíìmù."

"Á bà á jẹ́."

"Irin ló mà jẹ́, kì í ṣe àkàrà! Àbí ọ̀rá ló kún apá ẹ ni?"

Ó ṣá a. Iná kò ta. Ó ṣá a tagbáratagbára, ó tún un ṣá. Iná fò bí kòkòrò tó ń tàn. Àwọn ọmọ náà fò sókè, Oge sì fi apá kọ́ ọ lọ́rùn. "Ọ̀rẹ́ mi! Lọ́dọ̀ wa lo máa jókòó sí tá a bá wọlé padà." Kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀rẹ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ìgbà náà ni ó wo ẹnu ọ̀bẹ. Láti àárín títí dé ìdí, ó ti ṣe jágajàga bí eyín arúgbó. Ó sáré gbé òkúta ìpọ́nbẹ, ó pọ́n ọn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Bó ti ń dán náà ló ń dán, àmọ́ àwọn ibi tó ya kò kúrò. Ó gbọ́ ikọ́ bàbá rẹ̀ ní ẹnu géètì. Ó wé ọ̀bẹ náà, ó so ó, ó gbé e padà.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò sọ bó bá di alẹ́. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó ní ó di àárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọdún, àgbàlá kún. Ìyá Aránṣọ wọ aṣọ funfun tó rán fúnra rẹ̀. Ó gbé abọ́ omi fún àgbò rẹ̀, ó sì dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Lórí ògiri, Oge àtàwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ to ara wọn bí ẹyẹ, fóònù lọ́wọ́. Oge ju ọwọ́ sí Ọwọ́ Ọ̀tún.

Wọ́n dojú àgbò náà kọ ibi tí à ń kọjú sí kírun, wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ààfáà àdúgbò dúró tì wọ́n, ó ń retí. Àgbò náà kò jà. Ọwọ́ Ọ̀tún ló di orí rẹ̀ mú, ẹran náà sì ń lá ọwọ́ ọmọ náà.

Bàbá Alápatà fi aṣọ funfun náà pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ tú u. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kì í so ó báyẹn.

"Ọwọ́ Ọ̀tún," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀bẹ yìí?"

Ṣọ́ọ̀bù kò jìnnà. Ọ̀bẹ mìíràn tó mú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí i tí Oge ń wò ó.

"Rárá, sà."

Bàbá rẹ̀ gbà á gbọ́. Ì bá yẹ ọ̀bẹ náà wò, ṣùgbọ́n ojú àgbò náà là sílẹ̀, ó sì ti ṣèlérí pé kò ní rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti fi àtàǹpàkò kan ṣóńṣó ọ̀bẹ, ibi tí kò kan òpó irin. Ó mú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹran.

"Bísímílláhì. Allāhu Akbar."

Ọ̀bẹ wọlé, ó sì há. Bàbá Alápatà fà á, ó ń ya awọ bí ẹni ya àkísà, kò gé e. Àgbò náà ké. Igbe náà kò jọ ti ẹran, ó jọ ti ọmọ tí ilẹ̀kùn pa lọ́wọ́. Ó fò pẹ́ẹ́. Ẹ̀rù ba Ọwọ́ Ọ̀tún, ó sì fi orí náà sílẹ̀. Okùn já.

Àgbò náà dìde pẹ̀lú ọ̀fun tó ya sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn sá sẹ́yìn. Kò lé ẹnikẹ́ni, kò sì sá gba ẹnu géètì tó ṣí sílẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ ló sá lọ. Ó ti orí bọ àárín aṣọ rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré nígbà tí àrá bá ń sán, ó sì dúró níbẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń mí ẹ̀jẹ̀.

Lórí ògiri, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. "Ó lọ fẹjọ́ sùn!" Ẹ̀rín náà ràn.

Bàbá Alápatà sáré lọ mú ọ̀bẹ ṣọ́ọ̀bù. Láàárín apá Ìyá Aránṣọ ni ó ti parí rẹ̀, ní ìfà kan.

Obìnrin náà kò sunkún. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ní kò ní mọ̀," ni ó wí. "Ó mọ̀."

Ìyá Aránṣọ pín gbogbo ẹran náà fún aládùúgbò, kò mú ìdá kankan wọlé.

Kí oòrùn tó wọ̀, fídíò ti yí gbogbo àdúgbò ká. Oge ti fi orin sí i. Ààfáà ló gbé fóònù rẹ̀ wá. Bàbá Alápatà rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fà, kò gé. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Alápatà tí ẹran ń sá fún.* Ṣùgbọ́n Oge, nítorí kí ó lè dùn, ti fi fídíò ọjọ́ tó ṣáájú ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ń fi ọ̀bẹ ọdún ṣá òpó irin, iná ń ta, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Ọwọ́ Ọ̀tún kò rìn dé alẹ́.

Bàbá rẹ̀ kò gbé pàṣán. Ó tẹ́ ọ̀bẹ náà síwájú rẹ̀.

"Fi ìka sí ẹnu rẹ̀. Rọra. Ṣé ó ń ha ọ́?"

"Ó ń ha mí, sà."

"Ìka nìyẹn. Ọ̀fun ni ti Ọ̀gá." Ó fa ọ̀bẹ náà sẹ́yìn. "Àṣìṣe ni ti àná, ọmọdé lè ṣe é. Ti àárọ̀ yìí ńkọ́? Mo bi ọ́ léèrè. Ká ní o ní 'bẹ́ẹ̀ ni', ǹ bá pààrọ̀ ọ̀bẹ, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Ẹ̀rù ba òun náà."

Nígbà tí wọ́n wọlé padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, síbi tí wọ́n ṣèlérí fún un. Oge ti gbé àpò lé àga náà.

"Jọ̀ọ́, má jókòó tì mí. Ẹni tó lè dójú ti bàbá ẹ̀ báyẹn?"

"Ìwọ lo ní kí n ṣá a."

"Ọwọ́ mi lọ̀bẹ wà ni?"

Wọ́n ké bí àgbò. Láti ọjọ́ náà, igbe yẹn ni wọ́n fi ń kí i.

Ó lọ bẹ Ìyá Aránṣọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́. Ẹ̀rọ náà kò dúró. Abọ́ omi Ọ̀gá ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, eruku ti wà nínú rẹ̀.

"Mo ti forí jì ẹ́," obìnrin náà wí láìgbójú sókè. "Ẹni tó yẹ kó o bẹ̀ ò sí níbí mọ́. Dìde, o dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá fi iyì ilé ra ẹ̀rín ẹlẹ́gbẹ́, òun gan-an ni wọn yóò padà fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa tí kò lẹ́nu láti fi bẹ̀ wá, àánú rẹ̀ di gbèsè lọ́rùn wa, pàápàá lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fi í sin Ọlọ́run. Bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí ọ̀bẹ mìíràn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, torí pé ẹlòmíràn ni ìdákẹ́ yín máa ń gé.

Ọmọ náà padà sílé. Bàbá rẹ̀ jókòó síwájú òkúta, ó ń pọ́n ọ̀bẹ ọdún náà. Ọ̀bẹ náà ti tín-ín-rín tó ewé koríko, síbẹ̀ jágajàga náà kò tíì tán. Ọmọ náà dúró sí ibi tí ó máa ń dúró sí, ó ń retí kí ó pe òun ní Ọwọ́ Ọ̀tún.

"Ìwọ ọmọ yìí," bàbá rẹ̀ wí, kò wo ẹ̀yìn, "bomi wá."