Ìbéèrè Tó Mú Alhaja Sherifat Sọ̀rọ̀

Ẹ mọ bí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wa ní Peckham, nílùú London, ṣe máa ń rí ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àílà. Tíì ń lọ, bísíkíìtì ń bọ̀, àwọn ìyá wa ń ṣàròyé àwọn ọmọ tí kì í pè wọ́n lórí fóònù. Èmi Mìsítúrà ni mo ń bu tíì, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í ta sí mi létí.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ wa kan tó ń jẹ́ Rahmah wọlé. Ilé ìwòsàn àdúgbò ló rán an. Wọ́n ti ṣe áàpù tuntun kan tí èèyàn á máa fi bèèrè oògùn lórí fóònù, iṣẹ́ Rahmah sì ni láti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò. Bí àwọn àgbà bá ní ó dára, wọ́n máa ti káńtà tí a ti ń bèèrè oògùn pa, ó di áàpù nìkan.

Alhaja Sherifat ló kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Rahmah kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní, "Mummy, ṣé ẹ gbádùn áàpù tuntun wa? Ṣé kò rọrùn ju kí ẹ máa tò lórí ìlà lọ?"

"Ó dára gan-an, ọmọ mi," ni Alhaja wí. "Ọlọ́run á gbé ẹ ga."

Aunty Aishah, ọ̀rẹ́ wọn tó jókòó tì wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra bíi tiwọn, náà ní ó dára. Gbogbo tábìlì ní ó dára. Àdúrà ń rọ̀ lé Rahmah lórí, inú ọmọ náà sì ń dùn ṣìnkìn.

Ọlábọ̀wálé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Rahmah lẹ́nu iṣẹ́ ni, òun ló bá a wá, ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò kiri Lewisham àti Catford. Ó fà á wá sídìí tábìlì tíì mi, ó bi í pé tó bá gbé ọbẹ̀ fún àgbàlagbà kan, tó ní "ṣé ó dùn?", kí ni wọ́n máa sọ. Rahmah ní wọ́n á ní ó dùn ni.

"Kódà bí iyọ̀ bá pọ̀ jù," ni Ọlábọ̀wálé wí. "Àgbà wo ló máa dójú ti ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba? Ìbéèrè tìẹ ti gbé ìdáhùn dání wá. Tó o bá fẹ́ mọ bí ọbẹ̀ ṣe rí, wo ohun tó ṣẹ́kù sínú abọ́. Bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe, má bi wọ́n bóyá iṣẹ́ tìẹ dára. Tó o bá sì bèèrè tán, pa ẹnu mọ́."

Ó ní kó padà lọ bi Alhaja nípa oògùn tí wọ́n lò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi ò rí nǹkan bàbàrà nínú ìyẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwé àkàjù ti fẹ́ da ọkùnrin yìí lórí rú.

"Mummy," ni Rahmah wí, "oògùn tí ẹ lò láàárọ̀ yìí, báwo ló ṣe dé ọwọ́ yín?"

Alhaja ò dáhùn. Wọ́n ń fi ṣíbí ro tíì wọn. Rahmah ti fẹ́ la ẹnu, Ọlábọ̀wálé mi orí fún un láti ọ̀ọ́kán, ó sì dákẹ́.

"Ti Aishah ni mo lò," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Tèmi ti tán látìgbà tí ààwẹ̀ ti parí. Wọ́n ní áàpù la ó máa dán wò báyìí, mi ò bá lọ sí káńtà mọ́. Áàpù yẹn ní kí n mú kóòdù wá, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, fóònù Yaqub ọmọ mi tó bá mi forúkọ sílẹ̀ sì ni kóòdù ọ̀hún ń lọ. Yaqub ti kó lọ sí Manchester, iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Ṣé kí n máa jí i lójú oorun nítorí oògùn? Èmi àti Aishah wá ń pín tirẹ̀."

Aunty Aishah wolẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń dá a sí méjì kó lè tó àwọn lò.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ẹnu yà mí débi pé tíì kún àkúnwọ́sílẹ̀ níwájú mi. Ìyá tí mò ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí mò ń bi pé ṣé ara le, tí wọ́n á ní a dúpẹ́! Ìbéèrè kékeré kan péré ló ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo wa ti ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Subhanallah. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lágbára tó báyìí.

Rahmah rọra bi Alhaja pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ́kọ́ ní ó dára.

"O bi mí bóyá ó dára," ni Alhaja wí. "Ó dára lóòótọ́, ó tún rẹwà. O ò bi mí bóyá mo rí i lò."

Kíá la mú àwọn méjèèjì lọ sí kẹ́míìsì ní Rye Lane. Apòògùn wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Alhaja, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe dókítà, wọ́n sì fún wọn ní oògùn lọ́jọ́ náà. Ó kìlọ̀ fún wọn pé oògùn kì í ṣe bísíkíìtì tí ọ̀rẹ́ ń bá ọ̀rẹ́ pín. Rahmah padà wá bi àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́ ohun tí etí ń gbọ́ tó ń hó: ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí áàpù náà lò. Wọn ò ti káńtà náà pa mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìbéèrè fún aráàlú, ẹ gbọ́ o. Ẹ má bi wá bóyá iṣẹ́ yín dára, àdúrà la máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi wá nípa ìgbà tí a lò ó gbẹ̀yìn, ohun tí a ṣe, àti ibi tó ti há. Ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, ẹ má sì sá fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin àgbà wa náà, ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ tí ẹ bá sọ fún ọmọ tó ń bèèrè, ìrànlọ́wọ́ lẹ ṣe fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rahmah se mọ́ínmọ́ín wá fún wa. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó dùn, abọ́ ló ń wò. Alhaja Sherifat jẹ ààbọ̀, wọ́n ti abọ́ sẹ́yìn. "Ata rẹ̀ pọ̀ jù, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Inú Rahmah dùn ju ọjọ́ tí wọ́n rọ̀jò àdúrà lé e lórí lọ.