Festus Ra Bítíkọ́ìn Ọ̀pọ̀

Festus ará Ìsẹ́yìn kì í mutí, kì í jalè. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Bítíkọ́ìn, owó orí ẹ̀rọ ayélujára, ló ń rà tó ń tà lórí fóònù rẹ̀. Ó ń jèrè, ṣùgbọ́n èrè kì í tó o.

Àìsàn mú ìyá rẹ̀, Àpọ́nlé, lójú. Dókítà ní kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ, torí àìsàn náà kò ní dúró. Ìyá ta gbogbo iṣu oko rẹ̀ ní ìlú Ìràwọ̀, ó sì kó owó náà fún Festus pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Láìpẹ́, àlejò kan kọ̀wé sí Festus lórí Wọ́sáàpù pé òun ní bítíkọ́ìn tí òun fẹ́ tà ní ìdajì iye rẹ̀. Festus fi han Débọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Débọ́lá ní kó lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń di owó mú títí ọjà yóò fi dé, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ó bi í pé owó ta ni. Festus ní tòun ni.

Owó ìyá rẹ̀ ló san. Àlejò náà pòórá.

Nígbà tí ìyá béèrè ọjọ́ tí àwọn ń lọ fún iṣẹ́ abẹ, Festus parọ́ pé àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá gbà á gbọ́, ó ń súre fún un. Oṣù ń gorí oṣù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá jókòó sínú oòrùn, ó ní, “Festus, ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?”

Festus wólẹ̀, ó jẹ́wọ́.

“Owó kọ́ ló dùn mí,” ni ìyá wí. “Àdúrà tí mò ń gbà fún ọ nígbà tí ò ń parọ́ fún mi, òun ló dùn mí.”

Festus sá tọ Débọ́lá lọ, ó ní kò sí ìdáríjì fún irú òun.

Débọ́lá ní, “Jésù ò wá nítorí olódodo. Irú ẹ ló wá fún.”

Inú ṣọ́ọ̀bù Débọ́lá ni Festus kúnlẹ̀ sí, tó ké pe Jésù.

Ọlọ́run dárí jì í. Ojú ìyá rẹ̀ kò là mọ́. Festus ló ń fà á lọ́wọ́ káàkiri. Lọ́jọ́ mìíràn ìyá a bá a sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ mìíràn kò ní dá a lóhùn.

Ìwọ tó ń kà á, o lè má mọ bítíkọ́ìn. Ṣùgbọ́n ta ni ò ń tàn jẹ? Ẹ̀jẹ̀ Jésù yóò wẹ̀ ọ́ mọ́ nígbàkigbà tí o bá wá, àmọ́ bí o ṣe ń pẹ́ ni ẹni tí o ṣẹ̀ ń jìyà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn. Ké pe Jésù kí o tó dìde.