Ìpè Mẹ́ta ní Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀

Amọ̀ gbígbẹ wà lọ́wọ́ obìnrin náà títí dé ìgúnpá nígbà tó wọ ọ́fíìsì. Akọ̀wé gbójú sókè, ó sì gbàgbé ohun tó ń kọ.

Amọ̀kòkò ni obìnrin náà. Ó tọ́ka sí etí rẹ̀, ó mirí, ó sì fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó kọ̀wé sínú rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Adití ni mí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń gba fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà?"

Akọ̀wé gba bírò. "Èmi ni. Ẹ jókòó. Àga yẹn kì í bẹ̀rù amọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà já gooro jáde, bí ẹyẹ tí kò mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́ òun.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, àti lọ́sẹ̀ kẹta. Ó ń kọ́ akọ̀wé ní èdè ọwọ́ lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé kọ́kọ́ fi ọwọ́ kí i káàárọ̀, ńṣe ni obìnrin náà di ẹnu mú.

"Kí ni mo sọ?"

"O ní ewúrẹ́ rẹ ti sùn," ni amọ̀kòkò kọ. "Bá mi kí i tó bá jí."

Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹrin, ó mú lẹ́tà tí ọ́fíìsì náà kọ sí i lọ́dún tó kọjá dání. *A pè yín lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ kò gbé e.* Ọ̀gá ọ́fíìsì ló fọwọ́ sí i.

Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Nọ́ńbà màmá mi ni. Òun ló ń bá mi gbọ́ fóònù. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi kú. Fóònù wà lẹ́yìn mi. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ló rí i pé wọ́n pè. Ta ló pè mí?"

Akọ̀wé tún lẹ́tà náà kà. Ó rántí. Ó ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tó tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fa igi lé orúkọ náà. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ó mú bírò. "Èmi ni."

Amọ̀kòkò dìde, ó sì jáde lọ. Eruku amọ̀ ló kù lórí tábìlì.

Akọ̀wé lọ bá ọ̀gá. "Sà, a ò lè máa fi fóònù pe adití."

"Òfin ni. Ẹni tó bá fẹ́ owó, kó wá etí."

"Ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á, sà?"

Ọ̀gá wò ó. "Ṣé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, sà."

Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà, ó sì jẹ́wọ́ ìpè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n yí òfin padà: ojúkojú ni wọn yóò ti máa bi adití ní ìbéèrè, pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́.

Ó wá lọ sí ilé amọ̀kòkò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ lo pè nígbà tí ìyá wa ń kú. Kí lo tún wá pè níbí?"

"Mi ò pè, ẹ̀gbọ́n. Mo wá jókòó ni."

Ó jókòó sórí bíríkì níta. Ọjọ́ márùn-ún, obìnrin náà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ti iwájú ìgbìmọ̀ dé, ó sì dúró. Akọ̀wé fi ọwọ́ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: *Dárí jì mí.* Amọ̀kòkò mú ìka rẹ̀ kan, ó tún un tò, kí ọ̀rọ̀ náà lè tọ́.

Ó wá kọ̀wé. "Wọ́n bi mí, mo dáhùn. Wọn ò fún mi. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n kọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe fóònù."

Ó wọlé, ó gbé fóònù ìyá rẹ̀ jáde látinú ìkòkò kan. Kò tíì sẹ́ni tó tàn án láti ọjọ́ náà. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ akọ̀wé.

"Kì í ṣe kí o lè máa gbọ́ fún mi. Kó má baà jẹ́ èmi nìkan ni yóò máa gbé e."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí irun wa yóò fi funfun, ìwọ eléwúrẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ń wò wọ́n látẹnu ọ̀nà. Ó wọlé, ó gbé àga ìyá wọn jáde, ó sì gbé e síwájú akọ̀wé.