Ẹyẹ Ojú Asiyah

Ọmọ tí Asiyah bí kò ké. Oṣù mẹ́jọ ló gbé e, òkú ló bí. Dókítà kò tíì mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin ín tán, àdúgbò Ọjà Igbó l'Ógbómọ̀ṣọ́ ti mọ̀: Raliat ni, ìyálé Asiyah.

Kò pẹ́, àmì pupa kan yọ sójú Asiyah. Ó gba orí imú, ó na apá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Ẹ̀jẹ̀ sì ń tán lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó tún tán. Ìyá Sàídù, ìyá ọkọ wọn, ní ẹyẹ ojú yẹn ló ń mu ún, Raliat ló sì ni ẹyẹ.

Ká má purọ́, Raliat ń jowú. Láti ìgbà tí Sàídù ti fẹ́ tíṣà kékeré yìí wá láti Ọ̀yọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yà sí yàrá ìyálé mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, Raliat jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ́ kó bí." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ń bà á.

Ìyá Sàídù gbé abọ́ omi tútù wá sí wọ́ọ̀dù. Nílé wọn, ìyálé tó bá ń bínú á bu omi sẹ́nu, á tu ú dà, á ní inú òun ti yọ́.

"Raliat, tu ú dà, kí ọmọ ọlọ́mọ lè yè."

"Màmá, tí mo bá tu ú, ẹ ó ní mo ti jẹ́wọ́. Tí mi ò bá tu ú, ẹ ó ní mo fẹ́ pa á."

"Ṣé irọ́ ni?"

Sàídù yíjú sí ògiri. Ìyẹn ló dun Raliat jù.

Dókítà Dorcas wọlé bá wọn. Ó ní lúpọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. "Ohun tó yẹ kó máa bá àìsàn jà nínú ara ìyàwó yín ló kọjú sí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Òun ló fa àmì ojú yẹn, bóyá òun náà ló pa ọmọ. A ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, àmọ́ kò ní tètè ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn márùn-ún la ti yẹ̀ wò, kò bá a mu. Tá ò bá rí i lónìí, a lè pàdánù ẹ̀."

"Ẹ yẹ tèmi náà wò," Raliat wí.

Tirẹ̀ bá a mu. Ìyá Sàídù lọ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ní ẹ̀jẹ̀ àjẹ́ kò ní wọ ara ìyàwó ọmọ òun.

Asiyah la ojú. "Màmá, tó bá jẹ́ ìyálé mi ló mu ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a padà. Tí kì í bá ṣe àwọn, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Raliat sí i lára, Asiyah ti lè jókòó. Ẹyẹ ojú rẹ̀ ti ń ṣá. Raliat bá Sàídù níbi tó ti ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, owú tún bù ú jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí Sàídù lọ bu omi wá.

"Asiyah, lọ́jọ́ tó o wọlé, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó o bí."

"Mo gbọ́. Ògiri yàrá wa ò nípọn."

"Kí ló dé tó o fi wá gba ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Èmi náà ti ní kí Ọlọ́run mú yín kúrò nílé. Ọdún méjì ni mo fi tọrọ ẹ̀, ẹ ò sì kúrò."

Raliat mú ṣíbí, ó bu ẹ̀kọ. "Ya ẹnu," ló wí.