Owú Ẹ̀rínọlá sí Ẹ̀ka Tuntun

Tírélà ló dí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ tẹlifóònù wọn ní Warehouse Road láàárọ̀ ọjọ́ tí Ẹ̀rínọlá kọ́kọ́ rí Diepreye. Àárín tírélà méjì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń fún ara wọn gbà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fine girl, rọra. Dírẹ́bà ti sùn, kò ní wà á." Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi dórí àga rẹ̀.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Ẹ̀rínọlá ní Ajégúnlẹ̀ kọ́kọ́ yarí pé ọmọ Yorùbá ni òun fẹ́ fi ṣàna, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló dá Sátidé tí ẹbí ọkọ yóò wá mọ ilé.

Àfi bí iléeṣẹ́ ṣe dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀. Wọ́n yọ àwọn mẹ́rin kúrò nídìí iṣẹ́ wọn, pé kí wọ́n lọ wá òwò mìíràn tí iléeṣẹ́ lè ṣe yàtọ̀ sí káàdì ìpè. Diepreye wà níbẹ̀. Oghogho náà wà níbẹ̀, ọmọge tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó tún mọ aṣọ wọ̀.

Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń jókòó ti àwọn awakọ̀ tírélà ní èbúté Tin Can. Wọ́n rí i pé awakọ̀ ń sùn sójú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nítorí kò mọ ìgbà tó máa kàn án láti wọ èbúté. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè é bó bá ti kù díẹ̀, kó lè dúró sílé lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Èrò náà dára, Ẹ̀rínọlá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Lọ́jọ́ kan Oghogho pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Sister Ẹ̀rín, your stew sweet die! Èmi àti Diepreye la jọ lá kúlà yẹn gbẹ."

Ọbẹ̀ tí òun fọwọ́ ara òun sè, tí òun bù sínú kúlà fún Diepreye!

Ẹ̀rínọlá sì ni olórí àwọn tó ń ta káàdì. Ẹ̀ka àtijọ́ gbọ́dọ̀ sọ tẹnu rẹ̀ kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí èrò ẹ̀ka tuntun. Nípàdé, Màdáámù Bernice, ọ̀gá wọn, yíjú sí i. "Ẹ̀rínọlá, kí lo rí sí i?"

"Yóò pa ọjà wa, mà. Ojú títì yẹn la ti ń ta káàdì jù."

Irọ́ ni. Awakọ̀ tó wà nílé náà yóò ra káàdì. Ṣùgbọ́n Màdáámù gbà á gbọ́, ó tú ẹ̀ka náà ká. Inú Ẹ̀rínọlá dùn fún ìgbà díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Diepreye bá a nílé. "Ẹ̀rín mi, ṣé lóòótọ́ lo rí i pé ó máa pa ọjà?"

Kò lè wojú rẹ̀ kó purọ́. "Rárá. Owú ló ń jẹ mí."

"You for quarrel me na! Kó o bú mi, kó o gba kúlà ẹ. Àwọn bàbá onítírélà yẹn ti ń retí wa." Ó dìde. "Mi ò mọ̀ bóyá àwọn èèyàn mi ṣì máa wá ní Sátidé."

"Jẹ́ kó máa lọ," ni ìyá rẹ̀ wí láti inú yàrá. "Ọkùnrin ò tán."

Ẹ̀rínọlá kò gba ìmọ̀ràn ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo àwọn tó wà nípàdé yẹn, ó ní, "Irọ́ ni mo pa, mà. Àfẹ́sọ́nà mi ni mò ń jowú lé lórí." Màdáámù gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì dá ẹ̀ka tuntun padà, pẹ̀lú Oghogho nínú rẹ̀.

Ní Sátidé, Diepreye nìkan ló wọlé. Ìyá ní, "Àwọn ẹbí ẹ dà?"

"Wọ́n wà ní bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù, mà. Mo fẹ́ kọ́kọ́ bi í ní ọ̀rọ̀ kan." Ó yíjú sí Ẹ̀rínọlá. "Ní Mọ́ńdè, èmi àti Oghogho ń padà sí Tin Can. Ṣé wàá lè mú un mọ́ra?"

"Rárá," ni Ẹ̀rínọlá wí. "Màá jowú. Ṣùgbọ́n ojú ẹ ni màá ti máa jowú, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ."

Diepreye bú sẹ́rìn-ín. Ó fa fóònù yọ. "Uncle, make una dey come."