Àáró Tí Kò Ṣeé San

Nígbà tí Adùnọlá dé oko ọkọ rẹ̀ ní Oko-Akarè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ti ro àwọn ebè àgbàdo tó wà lápá odò tónítóní. Koríko tí wọ́n tu ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ipasẹ̀ kankan lórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Igbẹ́kọ̀yí ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ṣe é. Àìsàn ọkàn ti dá a dùbúlẹ̀ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, dókítà sì ti ní kó má fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́ bí kò bá fẹ́ kú.

Inú Adùnọlá dùn. Inú Igbẹ́kọ̀yí kò dùn rárá, ó ń bi gbogbo abúlé pé ta ni. Àáró ni wọ́n fi ń ro oko níbẹ̀: o bá mi ro tèmi lónìí, mo bá ọ ro tìrẹ lọ́la. Ẹni tó bá jẹ gbèsè àáró, ojú kì í gbà á láti jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Igbẹ́kọ̀yí kò jẹ ẹ́ rí láyé rẹ̀. Díákónì ni nínú ìjọ; òun ló ń ṣán àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń gbẹ́ sàréè fún òkú ẹni tí kò lẹ́nìkan. Bí pásítọ̀ bá wàásù pé oore-ọ̀fẹ́ ló ń gbani là, pé kì í ṣe iṣẹ́, yóò rọra pòṣé. Ta ní í jẹ iṣu láì kọ ebè? Ká má parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló kó bá a.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yọ́ jáde nílé. Adùnọlá sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n bá àjèjì kan láàárín àgbàdo, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro. Oòrùn ti yẹ̀ lórí. Àgbàdo ní òjìji, ọkùnrin náà kò ní. Ẹyẹ kankan kò ké. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára igi ọkọ́ rẹ̀, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti dì í mú, ó ń kán sórí ebè, kò sì dúró.

Igbẹ́kọ̀yí bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oko tirẹ̀ han òun, kí òun lè lọ san àáró náà.

"Oko tèmi kò ní koríko," ni àjèjì náà wí jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè. "Lọ jókòó síbi ibòòji."

"Mi ò lè jókòó kí ẹlòmíràn máa ṣe iṣẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Adùnọlá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ti rí ojú ìṣó ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mú. "Bàbá Solange, ẹ gbà á. Ẹ kàn gbà á bẹ́ẹ̀."

Igbẹ́kọ̀yí fẹ́ gbà á, ìyàwó rẹ̀ rí i lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ ẹ.

"Kí ni n ó fi san án, Ìyá Solange?"

Ó já ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjèjì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Kò tíì ro ebè kan tán tó fi ṣubú. Nígbà tí Adùnọlá fi máa gbé orí rẹ̀ lé itan, èémí ti tán, àjèjì náà kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin ín sí. Solange ọmọ wọn ti Àjàṣẹ́ dé, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹni tó bá dìde ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé, wọ́n ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n rò pé àwọn ń tu opó nínú. Ẹ̀rù ló ń ba Adùnọlá. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ǹjẹ́ ọkọ òun gbà á kí èémí tó tán?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sí oko náà, ó gbọ́ ìró ọkọ́ láàárín àgbàdo. Ọkọ́ méjì ni. Bí ọ̀kan bá balẹ̀, èkejì a dáhùn. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó sá.

"Bàbá Solange," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ sinmi. Wọ́n ti bá yín ṣe é tán."

Ọkọ́ kan dákẹ́. Èkejì ń bá iṣẹ́ lọ. Adùnọlá dúró síbẹ̀, ó ń sunkún, kò sì mọ̀ bóyá ti ọkọ òun ló dákẹ́ tàbí ti àjèjì náà.